Eyín Tó Dákẹ́, Imú Tó Ń Dà: Àgbéyẹ̀wò Láti Ẹnubodè Igolo

Ọ̀fìnkìn tó bá ń dà ní ihò imú kan ṣoṣo, tó ń rùn, tó ń lọ tó tún ń padà, eyín òkè ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Àwọn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, títí kan àwọn oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa ará ẹnubodè gbọ̀ngbọ̀n, ní Igolo tó wà ní kọ́múùnù Ifangni àti ní Ìdíròkó tó kọjú sí i, torí pé lọ́dọ̀ wa oògùn máa ń dé ọwọ́ aláìsàn kí aláìsàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ká ní ìyá kan wà tó ń ta gàrí lọ́jà Igolo. Eyín rẹ̀ òkè lápá òsì ti lu láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí àkokoro náà le, ó tú hóró ampiclox, ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sínú ihò eyín bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe. Ìrora lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó sì gbà pé ara òun ti yá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé iṣan inú eyín náà ti kú, eyín tí iṣan rẹ̀ bá sì ti kú kò ní ohun tí yóò fi ké. Nígbà tó yá, imú òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Òórùn kan ń bá a kiri tí òun nìkan ń gbọ́. Bó bá tẹríba láti bu gàrí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á wúwo. Ọmọkùnrin tó ń gbé oògùn kiri bá a sọ̀rọ̀: "Màmá, kátà ni. Ẹ lo pupa yìí méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, á gbẹ." Ó gbẹ lóòótọ́, fún ìwọ̀nba ọjọ́ tó fi lo oògùn. Kò sí ẹni tó bi í léèrè eyín. Òun náà kò mẹ́nu kàn án, torí ohun tí kò dunni, ta ni yóò rántí?

Irú ìtàn yìí ni àwọn oníṣègùn eyín àti àwọn oníṣègùn imú ń tún pàdé lójoojúmọ́ káàkiri ayé, ìdí tó sì fi ń ṣẹlẹ̀ wà nínú bí a ṣe to egungun ojú. Egungun ojú kò dì látòkè délẹ̀. Àwọn ihò wà nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kún, àwọn ni a ń pè ní sáínọ́ọ̀sì. Èyí tó tóbi jù wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, omi bíi mílílítà 15 sì lè kún ọ̀kan ṣoṣo lára àgbàlagbà. Awọ tó tẹ́ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, bó bá wà ní àlàáfíà kì í sábàá nípọn tó mílímítà kan. Irun wẹ́wẹ́ wà lára awọ yìí tí ojú lásán kò lè rí, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa gbá ikun lọ sí ẹnu ọ̀nà tóóró tó já sínú imú. Ẹnu ọ̀nà yẹn ga, òkè ló wà. Nítorí náà, bí irun wẹ́wẹ́ náà bá kú tàbí tí awọ bá wú dí ẹnu ọ̀nà, ohun tó wà nísàlẹ̀ kò ní ibi tí yóò gbà jáde.

Ilẹ̀ ihò yìí gan-an ló dúró lórí gbòǹgbò àwọn eyín òkè tí a fi ń rún oúnjẹ. Eberhardt àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ìjìnnà náà lórí àwòrán ní 1992. Wọ́n rí i pé eyín ńlá kejì ló súnmọ́ jù, pàápàá gbòǹgbò rẹ̀ tó wà níwájú lápá ẹ̀rẹ̀kẹ́: ní ìpíndọ́gba, 0.83 mílímítà péré ló wà láàárín rẹ̀ àti ihò náà. Lára àwọn èèyàn kan, kò sí egungun kankan láàárín, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn nìkan ló bo orí gbòǹgbò. Kòkòrò àrùn tó bá gba inú eyín tó lu kọjá dé orí gbòǹgbò á jẹ egungun tó yí i ká, awọ tó wà lókè á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ọyún á sì wọlé nígbà tó bá yá. Àwọn kòkòrò inú gbòǹgbò yìí jẹ́ irú tí kò nífẹ̀ẹ́ afẹ́fẹ́, àwọn ló sì ń mú òórùn burúkú yẹn wá. Ọ̀fìnkìn lásán kì í sábàá rùn bẹ́ẹ̀.

Ojú ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Nathaniel Highmore, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé nípa ara èèyàn ní 1651, níbi tó ti sọ ti obìnrin kan tí wọ́n yọ eyín òkè rẹ̀. Omi kò yéé dà láti ojú ibi tí eyín náà ti kúrò. Obìnrin náà fi ohun èlò ṣónṣó kan tí wọ́n fi fàdákà ṣe yẹ ibẹ̀ wò, ó sì fi ìyẹ́ tẹ̀ lé e. Nígbà tó rí i pé ìyẹ́ náà ń wọlé tí kò kan ibì kankan, ẹ̀rù bà á pé ó ti fẹ́ dé ọpọlọ. Highmore ṣàlàyé fún un pé ihò kan ló wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pe ihò náà ní orúkọ ọkùnrin yìí. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí pé aláìsàn fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà tó wà láàárín eyín àti ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ìjìnlẹ̀ rẹ̀.

Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Ibí yìí ni àwọn ìwé kò ti fẹnu kò. Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tí ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń ṣàìsàn, eyín ló fà á lára 10 sí 12. Nígbà tí àwòrán tó mọ́ kedere dé, iye náà fò sókè, ó sì lé ní 40 nínú àwọn ìwádìí tó yẹ àwọn tí àìsàn wọn wà lápá kan ṣoṣo wò. Lójú tèmi, iye kejì yìí ló wúlò fún ẹni tó jókòó níwájú aláìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ti dé ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n kà. Àìsàn náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ̀ sí i láàárín ìgbà yẹn. Ohun tí a fi ń wò ó ló yí padà. Torí náà, ó yẹ kí a fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwòrán.

Wilhelm Röntgen rí ìtànṣán rẹ̀ ní November 1895. Ní January 1896, Otto Walkhoff, oníṣègùn eyín ní Jámánì, fi ya eyín ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ló fi dùbúlẹ̀ láìmira. Fíìmù kékeré tí wọ́n ń tì bọ ẹnu lónìí, tí yíyà rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan, àtọmọdọ́mọ ti Walkhoff ni. Kò wọ́n, ó yá, ó sì dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n àwòrán pẹlẹbẹ ni. Eyín ńlá òkè ní gbòǹgbò mẹ́ta, ilẹ̀ ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gba àárín wọn kọjá ní gọ̀ǹgọ̀-gọ̀ǹgọ̀, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ki sì ń wá síwájú wọn. Gbogbo rẹ̀ á wá ṣubú lé ara wọn bí òjìji àwọn èèyàn tó to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sára ògiri nírọ̀lẹ́: o mọ̀ pé èèyàn pọ̀ níbẹ̀, o kò lè sọ ti ta ni apá wo.

Ìṣòro mìíràn wà tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ní 1961, Bender àti Seltzer gbẹ́ ihò sínú egungun àgbọ̀n òkú, wọ́n sì yà á ní X-ray. Níwọ̀n ìgbà tí ihò náà bá wà láàárín egungun rírọ̀ tó wà nínú, fíìmù kò rí nǹkan kan. Àfi ìgbà tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ dé egungun líle tó wà lóde kó tó hàn. Ìtumọ̀ èyí fún ìyá onígàrí wa ni pé dókítà lè ya eyín rẹ̀, kó wo fíìmù náà dáadáa, kó sì sọ tọkàntọkàn pé kò sí nǹkan níbẹ̀, nígbà tí àrùn ti jẹ egungun náà tipẹ́. Low àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi fíìmù kékeré àti CBCT, ẹ̀rọ kan tí mo máa ṣàlàyé níwájú, yẹ àwọn eyín ẹ̀yìn òkè kan náà wò ní 2008: CBCT rí egbò orí gbòǹgbò ju fíìmù lọ ní ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwòrán gbọọrọ tó ń kó gbogbo eyín òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀, èyí tí Yrjö Paatero ará Finland ṣe ọ̀nà rẹ̀, wúlò fún wíwo apá méjèèjì pọ̀ àti fún wíwá gbòǹgbò tó já tó wọ inú ihò. Kò dára tó fún egbò kékeré. Àwòrán ojú tí wọ́n ń yà tí aláìsàn gbé àgbọ̀n sókè lè fi omi inú ihò hàn, kò lè fi ibi tó ti wá hàn. N kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tún náwó sórí rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ eyín.

CT ilé ìwòsàn ńlá, tí àwọn èèyàn wa ní Benin ń pè ní sikánà, ń gé orí sí ìpele-ìpele, eyín òkè sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé pé kí wọ́n yà á ń ronú imú, ẹni tó ka àwòrán ń dáhùn ohun tí wọ́n bi í, eyín wà ní ìsàlẹ̀ àwòrán níbi tí ojú kì í dé. Longhini, Branstetter àti Ferguson ní Pittsburgh kọ̀wé ní 2010 nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ imú fún, tí ara wọn kò sì yá, nítorí pé eyín tó fa àìsàn náà wà níbẹ̀ síbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rí i. Iṣẹ́ abẹ tó yẹ kó jẹ́ ìkẹyìn ló wá di àkọ́kọ́. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀ràn yìí, torí àwòrán tó lè gbà wọ́n wà lọ́wọ́ dókítà látìbẹ̀rẹ̀.

CBCT ni ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún eyín àti egungun ojú. Piero Mozzo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Verona, nílẹ̀ Ítálì, gbé e jáde nínú ìwé ní 1998. Yoshinori Arai náà ṣe tirẹ̀ ní Japan láàárín àkókò kan náà. Aláìsàn á dúró tàbí kó jókòó, apá ẹ̀rọ náà á yí orí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní tó ìṣẹ́jú kan. Kọ̀ǹpútà á to ohun tó rí pọ̀, dókítà á sì lè máa ṣí i láti òkè, láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, ní ìpele tó tín-ín-rín ju mílímítà kan lọ dáadáa.

Ohun tí dókítà ń wá nìyí. Á kọ́kọ́ dúró sórí eyín ńlá kejì, á máa tẹ̀ lé gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan lọ sókè títí dé orí rẹ̀. Bí òkùnkùn róbótó bá wà lórí gbòǹgbò, egungun ti jẹ níbẹ̀. Á wo ilẹ̀ ihò: ṣé ìlà funfun náà ṣì pé, àbí ó ti já? Nígbà mìíràn, ìlà náà kò já, ṣùgbọ́n ó ti gbé sókè bí ìbòrí lórí gbòǹgbò, torí pé awọ egungun ń to egungun tuntun bí àrùn ṣe ń tì í. Ẹni tó bá rí ìbòrí yìí ti rí eyín tó jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ni awọ ihò: bó bá nípọn ju mílímítà 2 lọ, tó sì jẹ́ òkè gbòǹgbò yẹn gan-an ló ti ki jù, ìfura pọ̀ sí i. Ìkẹyìn ni omi, àti ẹnu ọ̀nà òkè, bóyá ó ṣí tàbí ó ti dí. Ó tún gbọ́dọ̀ ka iye ọ̀nà tó wà nínú gbòǹgbò, nítorí gbòǹgbò iwájú eyín ńlá òkè sábà máa ń ní ọ̀nà méjì, èyí tí dókítà kò rí nígbà tó ń tọ́jú eyín sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àrùn padà.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà kò mọ gbogbo nǹkan. Kò lè sọ bóyá ọyún ni omi inú ihò tàbí ikun lásán. Irin inú eyín ń da àwòrán rẹ̀ rú. Awọ tó ki díẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ èèyàn tí nǹkan kan kò ṣe, ẹni tó bá sì ń yọ eyín nítorí ìyẹn nìkan ń ṣe ibi. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn eyín àti ti imú tí John Craig kó jọ ní 2021 fi fẹnu kò pé ọwọ́ méjì ló yẹ kó mú àìsàn náà: kí oníṣègùn imú fi ojú rí ọyún nínú imú, kí oníṣègùn eyín sì fi ìdánwò fìdí eyín tó ń ṣàìsàn múlẹ̀. Ìdánwò ọ̀hún kò le. Wọ́n á gbé ohun tútù lé eyín, wọ́n á kàn án, wọ́n á tẹ ẹran ìdí rẹ̀. Eyín tó ti kú kì í mọ òtútù. Eléyìí kò nílò iná mànàmáná, ilé ìtọ́jú kékeré jù lọ lè ṣe é.

Ìtànṣán náà ń kó àwọn èèyàn láyà sókè, ó sì tọ́ kí a sọ bó ṣe rí. Èèyàn ń gba nǹkan bíi 2,400 microsievert lọ́dún láti ojú ọ̀run àti ilẹ̀ tó ń tẹ̀, láìya àwòrán kankan. Fíìmù kékeré kan kì í tó mẹ́wàá. Àwòrán gbọọrọ ń lọ sí bí ogún. CBCT tó dojú kọ apá kékeré ń gba ọ̀pọ̀ ẹ̀wá-ẹ̀wá tàbí ju ọgọ́rùn-ún lọ, ó sinmi lé bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Sikánà orí lè lé ní ẹgbẹ̀rún. Kò sí ìdí láti sá fún un bí ìbéèrè gidi bá wà nílẹ̀. Kò sì sí ìdí láti fi bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí imú rẹ̀ ń dà, pàápàá ọmọdé.

Lórí ìtọ́jú, ohun kan dájú: oògùn apakòkòrò nìkan kò lè wo àìsàn tí ìdí rẹ̀ wà nínú eyín tó kú, torí ẹ̀jẹ̀ kò wọ inú eyín náà mọ́ tí yóò fi gbé oògùn débẹ̀. Ó lè mú kí imú gbẹ, àrùn á sì padà, kòkòrò á sì ti mọ oògùn náà lójú. Ewu yìí pọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa, níbi tí wọ́n ń ta oògùn ní hóró kọ̀ọ̀kan, tí ayédèrú sì wà láàárín wọn. Ní 2017, ìjọba Benin ya wọ Adjégounlé, apá tí wọ́n ti ń ta oògùn ní ọjà Dantokpa ní Kútọnu, nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀. Eyín ni kí a tọ́jú: kí a fọ inú gbòǹgbò rẹ̀ kí a sì dí i, tàbí kí a yọ ọ́. Ibi tí àríyànjiyàn wà ni bóyá kí a ṣe iṣẹ́ abẹ imú pọ̀ mọ́ ọn. Lára àwọn kan, ihò náà á gbẹ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí eyín bá kúrò lọ́nà. Bí ẹnu ọ̀nà òkè bá ti dí pa, ó sábà máa ń gba iṣẹ́ abẹ. Èrò tèmi ni pé kí eyín ṣáájú, àfi bí ojú bá wú, bí ìríran bá ń yí padà, tàbí bí orí bá ń fọ́ pẹ̀lú ibà líle. Àwọn yẹn kò gba ìdúró, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an.

Yíyọ eyín ló yá jù, òun ló sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí owó. Kí ẹni tó bá fẹ́ yọ eyín ńlá òkè lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́. Gbòǹgbò lè já, kí wọ́n sì tì í wọ inú ihò níbi tí wọ́n ti ń wá a. Ilẹ̀ ihò lè bá eyín jáde, kí omi tí èèyàn mu máa gba imú dà. Àìsàn tí a ń sá fún á wá di èyí tí a fi ọwọ́ ara wa ṣí ilẹ̀kùn fún. Bákan náà, imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lápá kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kú tìpìrì, eyín tó ń mì láìlu, kí a má fi wọ́n ṣe ti gbòǹgbò eyín. Jẹjẹrẹ inú ihò ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, fífọ inú gbòǹgbò eyín sì ń fi àkókò ṣòfò.

Ìwé àjọ ìlera àgbáyé tó jáde ní 2022 sọ pé oníṣègùn eyín tó wà fún ọgọ́rùn-ún lọ́nà ẹgbẹ̀rún èèyàn ní Áfíríkà jẹ́ 3.3 láàárín 2014 sí 2019, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti gbogbo ayé. Láti Igolo, ọ̀nà méjì ló ṣí. Ọ̀kan gba Sàkẹ́tẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tí ilé ìwòsàn ńlá Ouémé-Plateau wà, títí dé ilé ìwòsàn ńlá CNHU ní Kútọnu. Èkejì kọjá sí Ìdíròkó, ó gba Ìlaró tàbí Ọ̀tà lọ sí Èkó, sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà. Ọ̀nà kejì yìí ni ìjọba Nàìjíríà tì ní August 2019, àwọn tó wà lágbedeméjì ìtọ́jú sì mọ ohun tó fojú wọn rí. Èdè tún pín sí méjì. Ìwé tí wọ́n bá kọ ní Kútọnu, Faransé ni. Dókítà tó wà ní Èkó kò ní lè kà á, tirẹ̀ náà kò ní yé ti Àjàṣẹ́.

Nítorí náà, àwòrán gan-an ni kí aláìsàn gbà, lórí CD tàbí lórí fíláàṣì, láfikún sí ìwé àlàyé. Àwòrán kò ní Faransé, kò ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí dókítà tó ń ránni lọ náà má sì kọ "kátà" lásán sórí ìwé ìbéèrè. Kó kọ pé ihò imú òsì nìkan ló ń dà, pé ó ń rùn, pé eyín ńlá òkè lápá òsì kò mọ òtútù. Kó sì bẹ ẹni tó ń yà á pé kó jẹ́ kí ojú àwòrán ga dé ẹnu ọ̀nà ihò lókè, torí CBCT tí wọ́n bá fún mọ́ eyín nìkan á fi gbòǹgbò hàn, á sì gé ibi tí a fẹ́ mọ̀ bóyá ó dí kúrò, aláìsàn á sì tún ní láti wọ mọ́tò padà lọ san owó ẹ̀ẹ̀kejì.